Ṣé ti akínkanjú ni ìràwọ̀ tí bàbá àgbà mú bọ̀ láti ogun Bọ́mà?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní irin oníràwọ̀ igun mẹ́fà lẹ bá nínú àpótí bàbá àgbà ní Òmù-Àrán, rìbọ́ǹ rẹ̀ búlúù, pupa wà láàárín. Burma Star nìyẹn. Kì í ṣe ti akínkanjú; torí pé èèyàn jagun ní Bọ́mà láàárín 1941 sí 1945 ni wọ́n ṣe ń fún un. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ ṣá: lọ́dún 1944, ẹsẹ̀ ni àwọn ṣọ́jà wa ní dífíṣọ̀n 81, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fi rin àfonífojì Kaladan, ẹrù lórí, nínú igbó kìjikìji.

Ti ìgboyà gan-an fún ẹni tí kì í ṣe ọ́físà nígbà náà ni Military Medal (wọ́n dá a dúró lọ́dún 1993). Fàdákà róbótó ni, orí ọba wà níwájú. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ óò rí "For Bravery in the Field", ìyẹn fún ìgboyà lójú ogun. Wọ́n á tẹ orúkọ àti nọ́ńbà ṣọ́jà sí etí rẹ̀.

Ẹ tún àpótí yẹn tú, bóyá Military Medal wà níbẹ̀. Ẹ sì wo London Gazette, ìwé ìròyìn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó gba irú àmì-ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí òyìnbó ṣe ń kọ orúkọ wa nígbà náà, oríṣiríṣi sípẹ́lì lẹ máa fi wá a.