Ọmọ mi kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀: ilé ìwé wo ni yóò gbà á?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 5, ó wà ní Year 1 ní Peckham níbí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kò tíì so pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Bí ariwo bá pọ̀, á fọwọ́ di etí, á wọ abẹ́ tábìlì lọ. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí a yé sọ Yorùbá sí i nílé, pé Yorùbá ló ń da ọpọlọ rẹ̀ rú. Wọ́n tún ní kí a dúró de èsì ilé ìwòsàn ná. Bàbá rẹ̀ ní àdúrà ló kù, kí n má fi orúkọ ọmọ òun sínú ìwé ìjọba. Báwo ni mo ṣe máa rí ilé ìwé tó yẹ ẹ́?

Ìyá Ọmọ, Peckham

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má dá Yorùbá dúró. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí léraléra ni mo gbọ́ ọ nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ní gúúsù London. Èdè méjì kì í dí ọmọ lẹ́nu. Children and Families Act, òfin ọdún 2014 tí wọ́n ń lò ní England, sọ ọ́ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má ka ọmọ sí ẹni tí ẹ̀kọ́ ń ni lára kìkì nítorí èdè ilé wọn. Ohun tí speech therapist, ẹni tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀, máa fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ní èdè méjèèjì. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ṣé á sọ "omi" àbí "water", tàbí ṣe ló máa fà yín lọ́wọ́ dé ìdí ẹ̀rọ omi? Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Ti ilé ìwé ṣì kù lẹ́yìn. Àwọn ilé ìwé àkànṣe kì í sábà gba ọmọ tí kò ní EHC plan (Education, Health and Care plan), ìwé tó ń sọ ìrànlọ́wọ́ tí ọmọ nílò, tó di dandan fún council láti mú ṣẹ, tó sì lè tẹ̀ lé ọmọ títí tó fi di ẹni ọdún 25. Ẹ̀yin òbí lè béèrè fún un fúnra yín. Òfin kò ní kí dókítà kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó ń ṣe ọmọ. Lọ́sẹ̀ yìí gan-an, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí council Southwark pé ẹ ń béèrè fún EHC needs assessment, ìyẹn àyẹ̀wò ohun tí ọmọ nílò, tí wọ́n máa ń ṣe kí plan tó jáde. Àpẹẹrẹ lẹ́tà wà lórí ìkànnì IPSEA, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń gba òbí nímọ̀ràn lórí òfin yìí, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní láti dáhùn. Bí wọ́n bá ṣe é títí dé plan, gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ 20 lọ láti ọjọ́ tí ẹ béèrè. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè gbé e lọ sí SEND Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń dá irú ẹjọ́ yìí, láìsan kọ́bọ̀. SENDIASS, iléeṣẹ́ tó ń gba òbí nímọ̀ràn ní àdúgbò yín, máa tọ́ yín sọ́nà, lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni.

Ẹ má dúró de ilé ìwòsàn kí ẹ tó lọ bá SENCO ilé ìwé rẹ̀, olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe. Ẹ bi í: kí lẹ ti ń ṣe fún un, ta ló ń ṣe é, kí ló ti yí padà?

Section F inú plan, ibi tí wọ́n ń kọ ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí ọmọ máa rí gbà sí, ni kí ẹ là ojú sí jù lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi àdàkọ (draft) plan náà ránṣẹ́, ẹ ó sì ní ọjọ́ 15 ó kéré tán láti fèsì, kí ẹ dárúkọ ilé ìwé tí ẹ fẹ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "yóò rí ìrànlọ́wọ́ bó bá ṣe yẹ", ẹ má gbà. Ta ni yóò ràn án lọ́wọ́? Ìṣẹ́jú mélòó? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? "Ìṣẹ́jú 30 pẹ̀lú speech therapist lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀" ṣeé dì mú. Tàkọ́kọ́ yẹn, ẹnu lásán ni.

Orúkọ àwọn ilé ìwé wà nínú Local Offer, àkójọ ìrànlọ́wọ́ tó wà ládùúgbò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, lórí ìkànnì council. Ẹ lọ wò wọ́n lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Kíláàsì lè dákẹ́ nítorí àlejò, ilé oúnjẹ kò lè dákẹ́. Ẹ wo ibi tí ọmọ tí ariwo ń dà láàmú ń sá lọ, kí ẹ sì wo ẹni tó tẹ̀ lé e.

Ní ti bàbá rẹ̀, àdúrà àti lẹ́tà lè jọ jáde nílé lọ́jọ́ kan náà. Bó bá jẹ́ físà ló ń bà á lẹ́rù, EHC plan kì í ṣe public funds, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba tí físà mìíràn kò gbà kí èèyàn gbà. DLA (Disability Living Allowance), owó ìrànwọ́ fún ọmọ tó ní àìlera, ni public funds. Ẹ bá agbẹjọ́rò físà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó béèrè fún ìyẹn. Kí ẹ sì mú bàbá rẹ̀ dání lọ bá SENCO, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n ṣe.