Ọmọ tí ò sunkún nínú fídíò yẹn

Ìyá Délé, o kọ̀wé sí mi pé súkúù ti sọsípẹ́ǹdì Délé, ọmọ ọdún 14, fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí fídíò kan tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti ń gbá ọmọ JSS1 kan létí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. O ní ìdánwò táàmù ti dé tán, ṣé kí o lọ bẹ pirinsípà kí wọ́n dín in kù ni àbí kí o gbé e lọ sí mínísírì. Àárín lẹ́tà yẹn lo wá ti sọ ọ́, bí ẹni da omi ìṣanwọ́ nù: "ọmọ yẹn gan-an ò sunkún nínú fídíò náà, Àǹtí mi, eré ni wọ́n ń ṣe."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè jẹun mọ́.

Ọmọ ọdún 11, wọ́n ń gbá a létí, kò sunkún, ìwọ abiyamọ wò ó, o pè é ní eré? Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá létí lẹ́ẹ̀kan máa ké, á pe ìyá ẹ̀, á sá tọ tíṣà lọ, ẹlòmíì tiẹ̀ máa fẹ́ dá a padà. Èyí tí kì í ké ni èyí tó ti ké títí, tó ti rí i pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn, tó ti mọ̀ pé tóun bá ké ṣe ni wọ́n máa fi kún un, ó wá kúkú dúró kí wọ́n gbá a tán kó lè ráyè lọ sùn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Délé ẹ sì mọ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo wà ní bọ́dìn, ọmọ kan wà ní yàrá wa táwọn sẹ́níọ̀ máa ń jí lóru, á kúnlẹ̀, á gbọ́wọ́ sókè, wọ́n á máa mu gaàrí ẹ̀ lójú ẹ̀. Táàmù àkọ́kọ́ ó máa ń ké. Nígbà tó yá kò ké mọ́, a ní ó ti gbó, ara ẹ̀ ti le. Ìgbà yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ tó ń ṣe ipò kejì ò lè dìde kàwé níwájú kíláàsì mọ́, ohùn ẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó lọ hólídè, kò padà wá. Èmi ò fọwọ́ kàn án rí o, ṣùgbọ́n mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, ẹ̀rín yẹn ṣì wà lọ́rùn mi.

O ní ọkọ ẹ sọ pé wọ́n na òun náà ní bọ́dìn, ó sì sọ òun dọkùnrin. Kó bi àwọn tí wọ́n jọ kúnlẹ̀ nígbà yẹn léèrè, gbogbo wọn, kì í ṣe àwọn tó ṣì ń gbé e ní fóònù nìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti súkúù yín nìkan. Ìṣirò tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, gbé jáde ní 2019 sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọ ilé ìwé 1 nínú 3 lágbàáyé táwọn ẹgbẹ́ wọn ti fìyà jẹ láàárín oṣù kan péré. Ní Norway, ọmọkùnrin mẹ́ta ló gbẹ̀mí ara wọn ní ìparí 1982, torí ìyà táwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń jẹ wọ́n, kí ìjọba ibẹ̀ tó dìde sọ́rọ̀ náà ní gbogbo súkúù lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Dan Olweus, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ níbẹ̀, tẹ̀ lé àwọn ọmọkùnrin tó máa ń fìyà jẹ ẹgbẹ́ wọn títí wọ́n fi pé ọdún 24, nǹkan bí 60 nínú 100 wọn ni kóòtù ti dá lẹ́bi, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Délé ẹ ni mò ń bá ẹ sọ yẹn, kì í ṣe ọmọ ẹlòmíì. Ìdánwò lò ń bẹ̀rù!

Nítorí náà má lọ sí mínísírì kankan. Kó pàdánù ìdánwò yẹn. Má sì jẹ́ kí bàbá ẹ̀ tún nà án, o ní ó ti nà án lẹ́ẹ̀mejì, kí ni ẹ fẹ́ kó kọ́ níbẹ̀, pé ẹni tó tóbi ló ń na ẹni tó kéré? Ìyẹn ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Jókòó tì í, pa tẹlifíṣọ̀n, bi í pé ìgbà mélòó ni, aago mélòó lóru, ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ta ló ń di fóònù mú, kí lọmọ yẹn máa ń sọ nígbà tó ṣì ń ké. Tó bá dákẹ́, má dìde.

Lẹ́yìn náà ni kí ìwọ àti Délé jọ lọ sílé ọmọ yẹn. Sọ gbogbo ohun tí Délé sọ fún ẹ fún àwọn òbí ẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí ọmọ wọn má tíì lè là á lẹ́nu, wọ́n sì ní láti mọ̀ kí wọ́n lè tọ́jú ẹ̀. Má mẹ́nu kan sọsípẹ́ńṣọ̀n níbẹ̀ rárá. Tí ìyá ẹ̀ bá kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún yín, ẹ dúró síta díẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ, kẹ́ ẹ sì padà wá lọ́jọ́ kejì.