Ìwé Ẹ̀rí Ara Ògiri Ilé Àwọn Àgbà: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá wa ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì ti fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn fẹ́ kó lọ sí ọgbà tí wọ́n kọ́ fún àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí èmi àti àbúrò mi lọ wo ọgbà kan, ìwé ẹ̀rí kan lára ògiri ni máníjà kọ́kọ́ fi hàn wá, ó ní òun ni ẹ̀rí pé ojúlówó ni ibẹ̀. Ṣé ìwé yẹn tó gbára lé?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn màmá o. Ìwé náà ní iyì tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ẹ kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé àṣẹ ìjọba. Òfin ló ń béèrè ìwé àṣẹ kí ilé ìtọ́jú tó lè gba ẹnikẹ́ni sílé, kò sì sọ ju pé ilé náà dé ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí òfin lè gbà. Ní ti ìwé ẹ̀rí ìdára, ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ béèrè fún un lọ́dọ̀ àjọ mìíràn, tó sanwó, tó sì ṣí ilẹ̀kùn àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn láti yẹ̀ wò.

Ẹ wo àjọ CARF ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára àwọn àjọ tó ń fún ilé ìtọ́jú ní irú ìwé ẹ̀rí ìdára bẹ́ẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1966. Ọgbà tó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí wọn gbọ́dọ̀ ti máa tẹ̀lé ìlànà wọn fún oṣù 6, ó kéré tán, kí àwọn olùbẹ̀wò tó dé. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà níbòmíràn ni olùbẹ̀wò wọ̀nyí; wọ́n ń ka àkọsílẹ̀, wọ́n sì ń bá àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ẹbí àti àwọn àgbà fúnra wọn sọ̀rọ̀. Ọgbà tó ní ìpele ìtọ́jú lóríṣiríṣi lè gba ìwé ọdún 5. Àwọn ilé ìtọ́jú mìíràn ń gba ti ọdún 3. Èyí tí àléébù rẹ̀ pọ̀ lè gba ti ọdún 1 péré, tàbí kó má rí gbà rárá. Èyí tó rí i gbà pàápàá ṣì ní láti kọ bí yóò ṣe tún àléébù rẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, ẹ wo ọjọ́ tí ìwé náà yóò parí, kí ẹ sì béèrè apá ilé tó kàn, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yẹ ibùgbé àwọn tó ṣì lágbára wò láìtíì yẹ ẹ̀ka àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà wò. Ẹ béèrè ìròyìn àbẹ̀wò náà gan-an, nítorí ibẹ̀ ni àléébù máa ń wà. Ilé tó bá fi ìwé ẹ̀rí hàn tó sì fi ìròyìn pamọ́, èmi kò ní mú màmá mi lọ síbẹ̀.

Mo ti wọ ilé kan rí tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń dán nínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo gòkè, iná pupa ti tàn lókè ilẹ̀kùn bàbá kan. Bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n di okùn aago ìpè mú, wọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn. Ogún ìṣẹ́jú kọjá kí ẹnikẹ́ni tó yọjú. Láti ọjọ́ náà, àkọsílẹ̀ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń yára dáhùn aago ni mo kọ́kọ́ ń béèrè, mo sì ń gba ẹbí níyànjú pé kí wọ́n tún lọ lálẹ́ tàbí lópin ọ̀sẹ̀, nígbà tí òṣìṣẹ́ máa ń dín kù.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé àwọn àgbà kan. Àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀, ọ̀gá wa sì ní ká fọwọ́ sí gbogbo ibi tó ṣófo nínú ìwé oògùn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má fọwọ́ sí i. Bó bá dá yín lójú pé ẹ fún àgbà náà ní oògùn ṣùgbọ́n tí ẹ gbàgbé láti kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ báyìí pẹ̀lú ọjọ́ àti aago òní, kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba pé ẹ pẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ fi àlàfo náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó ọ̀gá yín létí nínú ìwé. Àkọsílẹ̀ tòótọ́ ló ń gba àwọn àgbà là: bí ìwé bá fi hàn pé òru ni ìyá kan máa ń ṣubú, tó sì jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fún un ní oògùn tó ń mú kó tọ̀ léraléra, dókítà lè sún oògùn náà sí òwúrọ̀. Ta ni yóò rí èyí nínú ìwé tí wọ́n fi irọ́ kún?

Ìbéèrè: Owó ńlá ni ọgbà kan ń gbà kí n tó wọlé, wọ́n sì ṣèlérí ìtọ́jú títí ayé mi. Ṣé àwọn olùbẹ̀wò ń wo ti owó náà?

Ìdáhùn: Ìlànà tó péye fún irú ọgbà bẹ́ẹ̀ máa ń wò ó, nítorí ìtọ́jú ọ̀pọ̀ ọdún tí kò tíì dé ni ẹ ń sanwó fún, bí ọgbà náà bá sì wọ gbèsè, owó yín lè há. Ẹ béèrè ìṣirò owó wọn tí ayẹ̀wéwò láti ìta ti yẹ̀ wò. Nínú ìwé àdéhùn, ẹ wá ibi tó sọ iye tí wọn yóò dá padà bí ẹ bá kó kúrò tàbí bí ọlọ́jọ́ bá dé, àti bóyá ó dìgbà tí ẹlòmíràn bá gba yàrá náà. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò tiyín, kì í ṣe ti ọgbà náà, kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i.