Má fi ọdún 125 búra lórí P52

Àbúrò, o béèrè ibi tí o ti máa rí àwòrán P52, ègé ìwé pápírọ́ọ̀sì àtijọ́ tí wọ́n kọ Ìhìn Rere Jòhánù sí yẹn, àti bóyá o lè kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ pé ó fìdí odindi Ìhìn Rere náà múlẹ̀.

Àwòrán ò le. Ilé ìkàwé John Rylands ní Manchester ló ni ín, ó wà lórí ìkànnì wọn.

Ọdún ni kí o bẹ̀rù. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ tèmi ló ní kí n kọ "ọdún 125" ní pàtó gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n kọ P52. Mo fi "nǹkan bí" síwájú rẹ̀, ó fi bírò pupa fà á yọ. Nígbà tí mo dé iwájú àwọn aṣèdánwò, ọ̀kan ní kí n fi ibi tí akọ̀wé kọ ọdún sí han òun. Ọ̀gá tó fà á yọ ń tẹ fóònù, kò la ẹnu. Odindi orí kan ni mo tún kọ, mo sì tún san owó ilé-ẹ̀kọ́ lé e!

Kò sí ọdún kankan lára P52. Ìrísí lẹ́tà ni wọ́n fi ń wé ti àwọn ìwé mìíràn tó ní ọdún lára. Colin Roberts, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1935, fi sí ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kejì. Ní 2005, onímọ̀ kan, Brent Nongbri, fi hàn pé ìparí ọ̀rúndún kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹta náà ṣeé ṣe. Ṣé ẹni tó kọ́ ìkọ̀wé lọ́mọ ogún ọdún kò lè ṣì máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ni?

Ègé ọ̀hún kò ju sẹ̀ǹtímítà 8.9 sí 6 lọ. Jòhánù 18:31–33 wà lójú kan, 37–38 lójú kejì. Ẹsẹ̀ díẹ̀ yẹn nìkan ló lè jẹ́rìí sí. Bí o bá fẹ́ ẹlẹ́rìí tó gùn, lọ sí P66 àti P75, àwọn pápírọ́ọ̀sì mìíràn tó ní Jòhánù púpọ̀ nínú. Àwọn méjèèjì fo láti 7:52 sí 8:12. Ìtàn obìnrin tí wọ́n mú nínú panṣágà kò sí níbẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kódà bí pásítọ̀ tó ń ràn ọ́ lọ́wọ́ bá fajú ro. (Wọ́n ti ń jiyàn lórí ọdún P75 náà o.)

Má sì gba ti oníwàásù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pariwo "Máàkù ọ̀rúndún kìíní", ègé Ìhìn Rere Máàkù kan tí wọ́n ní ó ti ọ̀rúndún kìíní wá. Nígbà tó jáde ní 2018, tó di P137, ìparí ọ̀rúndún kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹta ni àwọn tó tẹ̀ ẹ́ kọ.

Sábẹ́ àwòrán, kọ P52 àti P.Ryl. 457 (nọ́ńbà rẹ̀ ní ilé ìkàwé Rylands), kí o sì ka òfin ilé ìkàwé náà lórí lílo àwòrán kí o tó tẹ̀ ẹ́.