Ǹjẹ́ eré sísá lè ba ilé ọmọ ọmọbìnrin jẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 13 ni ọmọ mi obìnrin, òun ló ń sáré mítà 200 fún ilé-ìwé wọn ní Abẹ́òkúta. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù ni eré rẹ̀ ti rọlẹ̀, ó sì ti ń tijú láti jáde sí pápá. Ìyá ọkọ mi ní kó jáwọ́, kí ilé ọmọ rẹ̀ má baà yẹ̀. Àgbo wo ló lè di ilé ọmọ mú?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fún un ní àgbo kankan. Kò sí ohun tó yẹ̀, kò sí ohun tí a fẹ́ dì mú. Inú máa ń bí mi sí àwọn tó ń ti ara ìbẹ̀rù yìí ta ìgò àgbo fún àwọn ìyá.

Ilé ọmọ kì í ṣe ohun tó kàn so rọ̀ nínú ikùn bí ọsàn lórí igi. Àárín egungun ìbàdí ló wà, láàrin àpò ìtọ̀ àti ìfun. Iṣan tó yi dì í mú lọ́tùn-ún lósì, ẹran ìsàlẹ̀ abẹ́ sì gbé e ró. Sísáré, fífò, gbígbá bọ́ọ̀lù, kò sí èyí tó ń ṣí i nípò. Ohun tó sábà máa ń fa kí ilé ọmọ wálẹ̀ ni ìbímọ léraléra, ìrọbí tó pẹ́ jù, àti ọjọ́ orí. Ìyẹn kò kan ọmọ yìí.

Àwọn òyìnbó náà ti bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn tí àwọn obìnrin sá mítà 800 ní Olympics Amsterdam lọ́dún 1928, àwọn aláṣẹ ní ó le jù fún ara obìnrin, wọ́n yọ ọ́ kúrò, kò padà títí di 1960. Ẹ wo Shelly-Ann Fraser-Pryce ti Jàmáíkà: ó bímọ ní 2017, ó sì gba wúrà mítà 100 ní ìdíje àgbáyé ní Doha ní 2019. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀, fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá mítà 100 tí wọ́n ń fo igi ìdènà ní 2022. Kò sí obìnrin kankan láyé tó tíì yá jù bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Kí ló wá dé tí eré rẹ̀ rọlẹ̀? Ìbàlágà ni. Ìbàdí ń fẹ̀, ọmú ń yọ, ó ń ga, ó ń wúwo sí i, agbára iṣan kò sì tíì bá ara tuntun náà dọ́gba. Ó lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kóòṣì tó bá pè é ní ọ̀lẹ, tàbí tó ní kó fi oúnjẹ sílẹ̀, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ bi í ní ohun tó ń tì í lójú gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmú tó ń mì àti ẹ̀jẹ̀ tó lè yí aṣọ ni. Ẹ ra kọ́mú eléré ìdárayá fún un. Kó wọ̀ ọ́, kó fò sókè díẹ̀ níwájú yín. Bí ọmú bá ṣì ń mì púpọ̀, tàbí okùn ń ge èjìká, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ṣòkòtò ilé-ìwé bá jẹ́ funfun, ẹ ní kí wọ́n gba dúdú láyè. Àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù England pàápàá pa funfun tì ní 2023 nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Kí páàdì má wọ́n nínú báàgì rẹ̀. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀jẹ̀ má baà tán lára rẹ̀. Bí inú bá ń run ún, ẹ béèrè oògùn lọ́wọ́ apòògùn, kí ẹ sọ fún un bó bá ní ikọ́ fée tàbí ọgbẹ́ inú.

N kò tíì fojú kan ọmọ náà o, nítorí náà ẹ rí i pé ẹ mọ jínótáìpù rẹ̀. Bí páàdì bá ń kún láàrin wákàtí kan sí méjì, bí nǹkan oṣù bá kọjá ọjọ́ méje, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn. Bí nǹkan oṣù tó ti ń wá déédéé bá sì dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta, bákan náà ni. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ rẹ̀ kò tó eré tó ń sá, egungun rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹ má dúró kí ìdíje kọjá kí ẹ tó wá.