Máàkì gbogbo ló gbà, àbámọ̀ ló kù fún mi

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí la lè bi ẹ̀ńjíníà software ká tó gbà á, ká fi mọ̀ bóyá ó ní àtinúdá, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ní Yábàá ni, 2021. Ápù táwọn oní-POS fi ń gbowó là ń ṣe. Agbaninímọ̀ràn kan tá a sanwó gọbọi fún ní ká fi ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣa àwọn tó ń wáṣẹ́: ìbéèrè 3, ìṣẹ́jú 90. Ọmọkùnrin kan gba gbogbo máàkì. Ọmọbìnrin kan ò parí ìkẹta, àmọ́ nígbà tá a jókòó, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ lẹ́yìn tí bánkì ti yọ owó, tí oníbàárà wá tún un tẹ̀ ńkọ́?" Ọ̀gá agbaninímọ̀ràn ní ìyẹn ò sí nínú máàkì. A gba ọmọkùnrin yẹn, a ní kí ọmọbìnrin náà máa lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀sán Sátidé, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń ṣe ségesège. ₦15,000 yọ lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ àwọn míì. Ìyá aláta kan pè mí lólè lórí fóònù, ó ṣépè títí dé orí ọmọ mi. Láti aago méjì ọ̀sán di àárọ̀ Sunday ni mo fi ń ka lọ́gì, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ápù ṣe, ní ìlà kọ̀ọ̀kan, jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì. Àtúnṣe ọ̀hún ò sì ju ká fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà wa tó ń gba ìsanwó wọlé, má gba nọ́ńbà tó bá ti rí rí mọ́. Iye owó tá a dá padà? Ẹ má bi mí.

Google pàápàá, Laszlo Bock tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wọn nígbà yẹn sọ ọ́ ní gbangba ní 2013 pé àlọ́ àpamọ̀ tí wọ́n ń pa fáwọn tó ń wáṣẹ́ ò wúlò rárá. Agbaninímọ̀ràn tiwa ṣì ń ta irú ẹ̀ fún wa ní 2021.

Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni níṣẹ́ àṣetiléwá ọjọ́ mẹ́ta láìsanwó o. Àwọn tó mọṣẹ́ á kọ̀ ọ́. Bíná bá lọ níbi tẹ́ ẹ ti ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lórí fídíò, ẹ má kà á sí wọn lọ́rùn.

Háà, ìbéèrè yín. Èmi a gbé fóònù tí ápù wa wà lórí ẹ̀ fún ẹni tó ń wáṣẹ́, a ó jọ sanwó. Bó bá ṣe ń yí lọ́wọ́, màá pa dátà. Màá wá dákẹ́, kí n gbọ́ ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí.