Ẹ má sanwó apá tí wọn ò tíì ṣe

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní géèmù alápá márùn-ún tí ẹ ń gbá ti dé apá kejì, pé méjì nínú àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ ti fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ láàárín oṣù kan, owó season pass (owó gbogbo apá tí a ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo) sì ti wálẹ̀, ṣé kí ẹ rà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ojú mi ti rí i.

Ìbàdàn ni mo wà nígbà tí mo sanwó gbogbo apá irú géèmù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é. Òru ni mo máa ń gbà á sórí kọ̀ǹpútà, torí pé òru ni dátà dínwó. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ ń gbá a: pádì wà lọ́wọ́ mi, òun ló ń sọ èyí tí a ó yàn. Ní apá kejì, a bá bàbá arúgbó kan lọ́nà, mo ní ká fi í sílẹ̀, àbúrò mi kọ̀ jálẹ̀, a gbé bàbá náà dání. Apá kẹta ló yẹ kó sọ ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ní oṣù méjì, wọ́n tún ní láìpẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sẹ́ni tó fèsì. Àbúrò mi ti wà nílé ọkọ báyìí, ó ṣì máa ń bi mí pé bàbá yẹn ńkọ́.

Ohun tí mi ò kà sí nígbà náà ni pé olórí òǹkọ̀wé wọn ti lọ kí apá kejì tó jáde. Mo ka ìròyìn náà, mo ní ta ni kì í pààrọ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ yàn ní apá kìíní ní ibi tó ń lọ ní apá kẹrin, orí ẹni tó dá ìtàn náà sílẹ̀ sì ni ọ̀nà yẹn wà. Ìwé tó bá fi sílẹ̀ kì í sọ ìdajì rẹ̀.

Owó nìkan kọ́ ló ń fa èyí o. Ilé-iṣẹ́ Valve tó ṣe géèmù Half-Life ló ni Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, owó kò wọ́n wọn. Síbẹ̀, Episode One ti Half-Life 2 jáde ní 2006, Episode Two ní oṣù kẹwàá 2007, nínú rẹ̀ ni wọ́n ti pa ẹ̀dá ìtàn kan, Eli Vance, lójú ọmọ rẹ̀, ìtàn sì dúró síbẹ̀. Marc Laidlaw tó kọ ọ́ kúrò ní 2016. Erik Wolpaw àti Chet Faliszek, òǹkọ̀wé bíi tirẹ̀, kúrò ní 2017. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, Laidlaw gbé ìtàn kan síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó yí orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé Episode Three tí kò jáde là ń kà. Ó ṣe mí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òkú. Géèmù Half-Life: Alyx ló padà sórí ikú Eli ní 2020, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá.

Ẹ wá wo Telltale, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù alápá-apá The Walking Dead. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 2018, wọ́n dá nǹkan bí 250 òṣìṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ó ku 25. Apá kan péré ni The Final Season ti The Walking Dead tíì ní lọ́jà, ìkejì jáde lọ́jọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, Skybound, ló gbà á, wọ́n sì pe díẹ̀ nínú àwọn tó ti ń ṣe é padà. Ìyẹn ló jẹ́ kí apá kẹta jáde ní oṣù kìíní 2019, kí ìkẹrin sì parí ní oṣù kẹta. Lójú tèmi, ọwọ́ àwọn tí wọ́n pè padà yẹn ló gba ìtàn náà là ju owó lọ. Géèmù Kentucky Route Zero náà lo ọdún méje, 2013 sí 2020, àwọn èèyàn mẹ́ta tó ń ṣe é ò túká, ó sì parí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ pàápàá ti ń sá fún apá-apá. Gbogbo orí géèmù Life is Strange: True Colors ni wọ́n kó jáde lọ́jọ́ kan náà ní 2021, inú mi sì dùn sí i.

Torí náà, apá tó bá ti wà lọ́jà ni kí ẹ rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá tilẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀, ẹ fara mọ́ ọn. Kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé méjì tó lọ yẹn sílẹ̀. Sean Vanaman àti Jake Rodkin ló darí The Walking Dead àkọ́kọ́ ní 2012. Wọ́n kúrò ní Telltale lọ́dún tó tẹ̀ lé e, géèmù Firewatch jáde láti ọwọ́ wọn ní 2016, wọ́n sì wà lára àwọn tó ṣe Alyx. Ibi tí àwọn méjì tiyín bá gbà lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú owó yẹn dè.